Ohùn Méjì Lórí Ebè Kan

Mo kórìíra ọkùnrin méjì tí n kò rí rí. Ọ̀kan ń gbé lókè òkun, èkejì ń gbé ní Èkó, bí wọ́n bá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọjà Ìkéré lónìí, n kò ní dá wọn mọ̀. Ohùn wọn nìkan ni mo mọ̀. Mo mọ bí èkíní ṣe máa ń fa imú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn, mo sì mọ bí èkejì ṣe máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín kò sí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tú ilé wa, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ni mo sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ọdún méjìlá ni mo lò ní Èkó kí ìlú náà tó sú mi. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Ìkéré, mo sì rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìṣẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń wọ mọ́tò akérò lọ síbẹ̀, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú pẹ̀lú awakọ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan á sì máa gún mi níhà títí a ó fi débẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè ọkọ tí mo fi sílẹ̀ ní Èkó, mo máa ń ki íápíìsì bọ etí. Ètò orí fóònù tí wọ́n ń pè ní pọ́díkáàsì ni mò ń gbọ́. Ẹnìkan á jókòó lójoojúmọ́, á máa tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀ fún ọ: ìdí tí owó epo fi tún gbéra, ohun tí àwọn aṣòfin fi ń bá ara wọn jà, ìdí tí gómìnà kan fi já ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé jù sílẹ̀ tó sì bọ́ sí òmíràn. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìṣẹ̀, ó ti dà bíi pé gbogbo Nàìjíríà yé mi. Mo máa ń wọ kíláàsì, mo máa ń rí i pé ìjókòó kò kárí àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó kéré tán, mo mọ ìdí tí kò fi kárí wọn. Ìmọ̀ yẹn kò rí ìjókòó kankan fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rédíò ló fi ń jí, rédíò ló fi ń sùn. Nígbà tí rédíò náà dákẹ́ pátápátá, tí alátùn-únṣe ní kí a lọ sin ín, mo ra fóònù fún un, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí pọ́díkáàsì. Mo wá èyí tó ń sọ Yorùbá fún un. Ọkùnrin òkè òkun yẹn ni. Nínú ọkàn mi, Alárìíwísí ni mo sọ ọ́, torí kò sí ohun tí ìjọba ṣe rí tó dára lójú rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù, ìjọba ni. Bí ọ̀dá bá dá, ìjọba náà ni. Ọ̀rọ̀ tuntun rẹ̀ máa ń dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, bàbá mi á sì ti jókòó dè é.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ń gbé ní ojúlé kẹta sí wa. Ọdún méjì péré ni bàbá mi fi jù ú lọ. Àgbẹ̀ ni, kò sì kọjá ìwé mẹ́fà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a bá béèrè ìdí, wọ́n á ní ó fẹ́ràn oko ni. A gbà bẹ́ẹ̀, a ò sì béèrè mọ́.

Láti ìgbà èwe wọn ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣe àáró. Bàbá mi kì í fi Sátidé ṣeré, kódà nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́ lóko bàbá mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á jọ ṣe é lóko Bàbá Kékeré. Oko méjèèjì pààlà lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀, pèrègún nìkan ló là wọ́n láàárín. Òfin tí bàbá wọn fi lélẹ̀ ni pé àáró kì í pé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹnìkejì ní ọjọ́ kan ṣáá, torí ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó jẹ ẹnìkejì mọ́, ọjọ́ náà ni àáró tú. Òfin kejì ni pé iṣẹ́ kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè ká padà fún ẹni tó ni ín. Bí ọkọ́ ẹnìkan bá ti bu ilẹ̀ rẹ, o jẹ ẹ́ nìyẹn, ìbáà ṣe pé o pè é, ìbáà ṣe pé o ò pè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, fóònù kan náà ni wọ́n jọ ń gbọ́. Bàbá mi á gbé e sórí ebè, Alárìíwísí á máa pariwo láàárín oko, àwọn méjèèjì á máa kọ ebè, wọ́n á máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Inú mi dùn nígbà náà. Mo rò pé ohun rere ni mo ṣe.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Kékeré fi ọwọ́ bo etí. “Ariwo ọkùnrin yìí ti pọ̀ jù. Orí é fọ́ mi. Ṣé kò sí ẹni tó lè fẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀ ni?”

Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ti fún un ní fóònù tipẹ́, ìpè nìkan ló ń fi ṣe. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wá ẹlòmíràn fún un, ọkùnrin Èkó tó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí gbogbo àlàyé rẹ̀ máa ń parí sí pé kí a ní sùúrù, pé ó ń bọ̀ wá dára. Onísùúrù ni mo sọ òun. Tíṣà ni mí, mo sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní kí ilé wa gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ohun tí mo fi ọgbọ́n àgbàlàgbà mi gbàgbé ni pé etí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo pín ẹjọ́ méjèèjì sí.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú abọ́ kan náà ni wọ́n máa ń jẹ iyán wọn nílé wa. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ń jiyàn, wọ́n á ní, “Mo rò pé.” Báyìí, “Ọkùnrin mi wí pé” ló kù lẹ́nu wọn. Ọkùnrin mi wí pé wọ́n ti tà wá. Ọkùnrin mi wí pé irọ́ ni. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun yangàn. Láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì wọ̀nyẹn, n kò gbọ́ ohun tí bàbá mi rò mọ́, n kò sì gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ rò.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ní Sátidé kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Oko Bàbá Kékeré ló kàn. Mo gbé iṣu sísun àti epo lọ fún wọn, mo sì bá wọn ní ìkángun méjèèjì oko náà, oníkálùkù pẹ̀lú íápíìsì létí, oníkálùkù pẹ̀lú ebè tirẹ̀. Owó epo bentiróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ tún lọ sókè lọ́sẹ̀ náà, owó ọkọ̀ mi sí Ìṣẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e. A jókòó sábẹ́ igi. Bàbá mi yọ íápíìsì, ó sì mú ọ̀rọ̀ Alárìíwísí sọ bí ẹni ka Bíbélì.

“Gbogbo ẹni tó bá ṣì í gbè wọ́n lẹ́yìn, ìrẹsì ló ti jẹ.”

Bàbá Kékeré gba ìrẹsì nígbà ìbò tó kọjá lóòótọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbà á. Àwa náà jẹ nínú rẹ̀, èmi ni mo sè é. Ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ewé.

“Èmi lo pè ní ajẹrẹsì?”

Bí bàbá mi bá rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn tó jẹ wá run ni mò ń bá wí, àti àwọn tó ní ká ṣe sùúrù fún wọn.”

Bàbá Kékeré dìde.

“Ẹni tó jẹ mí run, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ìwọ ni. Ìwọ ni ìjọba ulé wa. Ìwọ lo jẹ owó ìwé, èmi ni wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo ti é ṣe é láti ìgbà náà.”

Mo dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù omi lọ́wọ́ bí òmùgọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá wọn lè rán nílé ẹ̀kọ́, àti pé àwọn méjèèjì ló fẹ́ lọ. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó fẹ́ràn oko dúró síwájú mi, omi sì wà lójú rẹ̀. Ẹyin lohùn, òun ló sì ti balẹ̀ yìí.

Ohun tí bàbá mi ṣe lẹ́yìn náà, n kò tíì dárí rẹ̀ jì í títí di òní. Ó mú íápíìsì rẹ̀, ó fi í sétí padà, ó sì lọ parí ebè tó kù fún un. Ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà tán pátá, ó sì lọ sílé. Báyìí ni Bàbá Kékeré ṣe jẹ ẹ́ ní àáró kan.

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó láti ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àyè tó tó èèyàn méjì ló wà láàárín wọn. Lówùúrọ̀, àwọn méjèèjì yọ íápíìsì, wọ́n sì gbé ohùn fóònù wọn sókè. Alárìíwísí á máa ké láti pálọ̀ wa, Onísùúrù á máa dá a lóhùn láti ojúlé kẹta. Mo lọ bẹ Bàbá Kékeré. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní ọsàn, ó sì tẹ Onísùúrù fún mi láti gbọ́. Mo fi ìbínú yọ pọ́díkáàsì kúrò lórí fóònù bàbá mi. Kí ó tó di ọ̀sán, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ti bá a dá a padà, bàbá mi sì ní kí n má ṣe fọwọ́ kan fóònù òun mọ́ láyé mi. Èmi náà ńkọ́? Mo ṣì ń kì í bọ etí láràárọ̀ lọ sí Ìṣẹ̀. N kò ní purọ́.

Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń kọ ebè. Mo ní kí a gba lébìrà. Ó ní oko òun kì í ṣe oko àlejò. Òjò ń rọ̀, iṣu gbígbìn ń rà ní abà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì nà tán mọ́ bó bá dìde lórí àga. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti iṣu. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀kan nínú wọn á kú láì tíì bá èkejì sọ̀rọ̀, àti pé èmi tí mo wá àwọn aláròyé méjèèjì náà ni màá máa gbé ẹ̀bi rẹ̀ kiri.

Ní Sátidé kan, a dé oko, a sì bá Bàbá Kékeré tó ti dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀ léjìká.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ló wí fún bàbá mi.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní sà. Bí àwọn òbí ọmọ ṣe máa ń kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe kí i. Ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé n kò fetí sí i. Mo sáré lọ sí abà lọ dáná, mo gún iyán, mo gbé e wá. Bàbá Kékeré kò wo abọ́ náà. Ó tú gàrí tirẹ̀ láti inú ọ̀rá, ó bu omi tirẹ̀ láti inú ike tó gbé wá, ó sì mu ún níbi tó dúró sí. Bàbá mi bi í pé, “Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?” Ó gbé ọkọ́ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ó kọ gbogbo ebè tó kù tán, ebè ńláńlá tó dúró déédéé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó ha ẹrẹ̀ ara ọkọ́ rẹ̀ dànù.

“Mo ti san án, sà. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnìkan mọ́.”

Ó sì lọ. Bàbá mi jókòó sórí ebè, ohun tí kò jẹ́ kí àwa ọmọ ṣe rí. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni ó tó yé mi pé kì í ṣe pé àbúrò rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Ó wá gé e kúrò ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn Alárìíwísí ló jí mi. Ó ń bú àwọn aṣòfin ní pálọ̀. Mo jáde, mo bá fóònù lórí tábìlì, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti lọ̀ fún bàbá mi ṣì wà ní kíká. Ọjọ́ oúnjẹ Olúwa ni, ọkùnrin tó máa ń nà wá lẹ́gba bí a bá pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì kò sì sí nílé. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ́ ńlá tó fi ń kọ ebè kò sí níbẹ̀. Mo pa ẹnu Alárìíwísí dé, mo sì sáré lọ sí ojúlé kẹta.

Bàbá Kékeré ti wọ agbádá, ó ń wá bàtà.

“Bàbá ti mú ọkọ́ lọ oko,” ni mo wí.

“Kí ló kàn mí ńbẹ̀?”

“Ọkọ́ ebè ni wọ́n mú.”

Ó dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ebè bàbá mi tán lánàá. Kò sí ebè kankan tó kù tí ọkọ́ yẹn lè wúlò fún lóko wa. Mo rí i bí ó ṣe yé e. Ó ṣépè kan tí n kò lè kọ síbí, ó sì pe ọ̀kadà.

Nígbà tí a débẹ̀, bàbá mi ti kọ ebè bíi mẹ́rìnlá ní ìhà kejì pèrègún, lórí ilẹ̀ àbúrò rẹ̀. Ebè wọ́gọwọ̀gọ ni, ebè arúgbó. Síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò sí íápíìsì létí rẹ̀.

“Kúrò l'ulẹ̀ mi!” Bàbá Kékeré ká agbádá sí èjìká. “Ta ló pè ọ́? Mo ní ta ló pè ọ́?”

Bàbá mi bu ilẹ̀.

“Mo ti san án! Mi ò jẹ ọ́ mọ́! Kúrò ńbẹ̀!”

Bàbá mi bu ilẹ̀. Bàbá Kékeré fò lé e, ó di ẹ̀rùkọ́ mú, àwọn méjèèjì sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárín ebè, àgbàlagbà méjì, ọ̀kan nínú agbádá, ọ̀kan nínú ẹrẹ̀. Mo pariwo.

“Ìjọba ni ọ́ lóòótọ́!” ni Bàbá Kékeré ń ké. “Ohun tí ẹnìkan ò bẹ̀ ọ́, tipátipá lo fi ń ṣe é fún un!”

“Ìjọba ni mí,” ni bàbá mi wí. Èémí rẹ̀ kò délẹ̀. “Èmi ni mo jẹ owó ìwé. Mo mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́ tí mo wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọkọ́ mi ti bu ulẹ̀ rẹ. O jẹ mí.”

Bàbá Kékeré jọ̀wọ́ ẹ̀rùkọ́ náà. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ sì kù síbẹ̀. Ó rìn yí àwọn ebè náà ká, ó fi bàtà ṣọ́ọ̀ṣì gbá ọ̀kan, ó wó.

“Ebè radaràda. Uṣu wo ló fẹ́ ta síbí?”

Bàbá mi fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti dákẹ́ tipẹ́ nílùú. Bàbá Kékeré kọ ẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ pèrègún, ìbínú ṣì kún ohùn rẹ̀ bámúbámú.

“Ọjọ́ wo lo fẹ́ kí n wá san án?”

“Sátidé,” ni bàbá mi dáhùn. “Má sì gbé gàrí wá.”